Bẹ́ẹ̀ Ni ti Lelya Velichka

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbé ohun tẹ́ ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná. Ẹni tí ìkòkò ẹ̀ wà lórí iná, kó lọ yí iná yẹn sílẹ̀ kó tó padà wá. Ẹ sún mọ́ mi, kẹ́ ẹ sì gbọ́ mi dáadáa, torí pé nínú ìtàn yìí, orí ni wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù, kì í ṣe ẹnu. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ bá lọ síbòmíì pẹ́nrẹ́n, ibi tó yẹ kó ti gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni" ló máa ti gbọ́ "rárá", á wá máa ní èmi ni mo parọ́ fún òun.

Ṣẹ́ ẹ ti jókòó? Ó dáa.

Nevena ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ọmọ Chepelare, ìlú orí òkè tiwa yìí ní Bulgaria náà ni, òun ló ń fi bàtà tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín háyà fún àwọn àlejò nídìí òkè láàárọ̀. Tó bá ti kúrò níbẹ̀, ilé ẹ̀gbọ́n màmá ẹ̀ ló ń lọ, ìyẹn Velichka. Lelya ló ń pè é, bí gbogbo wa ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò màmá wa, àmọ́ Velichka yìí ti di Lelya gbogbo àdúgbò, kódà ọlọ́pàá ń pè é ní Lelya.

Iṣẹ́ martenitsa ni Lelya ń ṣe. Òwú funfun àti òwú pupa tí wọ́n lọ́ pọ̀ di okùn kan, tí wọ́n so òṣùṣù òwú kékeré sí ní ìkángun méjèèjì, tá a máa ń so mọ́ ara wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta, tá ò sì ní tú u títí a ó fi rí ẹyẹ àkọ̀ tàbí igi tó yọ òdòdó, tó fi hàn pé òtútù ti parí. Gbogbo ìgbà òtútù ni Lelya fi ń ṣe é sílẹ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n o, tí ọjọ́ kìíní oṣù kẹta bá fi lè kọjá, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa fi ojú ire wo martenitsa mọ́ àfi ọdún tó ń bọ̀.

Tẹ́lẹ̀, Lelya ní tábìlì kan ní ojúde ìlú tó ti ń tà á. Lọ́dún kan, Nevena lọ bá a, ó ní, "Lelya, àwọn tó ń fẹ́ nǹkan yìí gan-an ò sí nílé mọ́. Chicago ni wọ́n wà. Madrid ni wọ́n wà. Àárò ilé ń sọ wọ́n, wọn ò sì rí martenitsa gidi rà."

Lelya ní, "Kí wọ́n wá sílé wá rà á."

"Lelya."

"Kí ló dé? Ọ̀nà ò kúkú dí."

Àmọ́ Nevena ò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ó rí ọjà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé ohun tí èèyàn bá fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, gbogbo ayé ló sì ń rajà níbẹ̀. Ó bẹ Lelya títí, Lelya gbà. Ṣé ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé ó gbà lásán o, ó lọ yọ̀ǹda àyè tábìlì yẹn fún ọkùnrin kan tó ń ta oyin. Ó ní òun kì í fi ẹsẹ̀ kan wọ inú ilé kí ẹsẹ̀ kejì wà níta. Ẹ̀rù ba Nevena nígbà tó gbọ́. Torí ohun tó túmọ̀ sí ni pé tí ṣọ́ọ̀bù orí fóònù yẹn ò bá ṣí kí oṣù kejì tó parí, gbogbo iṣẹ́ òtútù Lelya, tó kún inú páálí dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á wà níbẹ̀ ni, ẹ̀bi Nevena ló sì máa jẹ́.

Àwọn ọlọ́jà yẹn ní òfin kan. Kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù fún èèyàn, wọ́n gbọ́dọ̀ fi fídíò rí ẹni tó ń ṣe ọjà náà, níbi tó ti ń ṣe é lọ́wọ́. Òun nìkan ni kó wà nínú yàrá. Ọwọ́ ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dúró, kí wọ́n lè rí i pé iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Femke ló máa pè, á máa fi èdè tiẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á sì máa túmọ̀ ẹ̀ sí tiwa.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa pè, Nevena gbé fóònù ti ìgò èso tí Lelya fi pamọ́, ó jáde, ó lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ ohùn ẹ̀rọ yẹn, bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe.

"Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń ṣe nǹkan wọ̀nyí?"

Inú yàrá pa kẹ́kẹ́. Nevena ò gbọ́ nǹkan kan.

"Ṣé ilé iṣẹ́ kan lẹ ti ń rà wọ́n?"

Ó tún pa kẹ́kẹ́.

"Ó dáa. Ẹ ṣeun púpọ̀, màmá."

Ó tán. Lelya jáde, ó ń nu ẹnu. Ó ní, "Ọmọ náà dáa. Ó kàn tín-ín-rín jù ni. Àwọn èèyàn ẹ̀ ò fún un lóúnjẹ."

Ọjọ́ kejì ni èsì wọlé sórí fóònù. Nevena kà á, ó tún un kà, ó wá jókòó sórí páálí. Wọ́n ní ẹni tó ń ṣe ọjà náà ti fúnra ẹ̀ sọ fáwọn pé òun kọ́ lòun ń ṣe é. Wọ́n tún ní ó jẹ́wọ́ pé ilé iṣẹ́ lòun ti ń rà á. Nítorí náà, àwọn ò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá rò pé àṣìṣe wà níbẹ̀, àwọn á tún pè lẹ́ẹ̀kan sí i, àmọ́ ìyẹn náà lòpin.

Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe inú ló kọ́kọ́ bí Nevena. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe é ni pé ó fẹ́ mọ ìdí. Kí ló lè mú kí àgbàlagbà jókòó, kó máa lọ́ òwú lójú èèyàn, kó tún máa sọ pé òun kọ́ lòun ń lọ́ ọ?

Ó lọ bá Lelya ní kíṣìnnì. "Lelya, kí lẹ sọ fún ọmọ yẹn lánàá?"

"Mo ní èmi ni mò ń ṣe é."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo tún ní mi ò ra nǹkan kan nílé iṣẹ́ ẹnì kankan."

"Mi ò gbọ́ ohùn yín rárá."

"Báwo lo ṣe máa gbọ́ ohùn mi? Òwú wà láàárín eyín mi. Wọ́n ní kí n má dáwọ́ dúró, èmi nìkan ló sì wà níbẹ̀, tí mi ò bá fi eyín di ìkángun kan mú, kí ni mo fẹ́ fi lọ́ ọ? Orí ni mo fi dá a lóhùn." Ó wá dojú kọ Nevena. "Ta ló tiẹ̀ ní kó o máa gbọ́ ọ̀rọ̀ nídìí ilẹ̀kùn? Ṣé bí màmá ẹ ṣe tọ́ ẹ nìyẹn?"

Síbẹ̀, ọkàn Nevena ò balẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan wà nídìí ibùdókọ̀ tó ń ta martenitsa tí ẹ̀rọ ṣe, ó kún inú ọ̀rá bí ìrẹsì, ó sì pọ́ọ́kú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara ẹ̀ pé, láàárọ̀ tí òun bá wà nídìí bàtà yìnyín, kí ni Lelya ń ṣe? Páálí tó pọ̀ tó yẹn, ṣé ọwọ́ ìyá kan ṣoṣo ló kún un?

Ni Nevena bá gba àyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó lọ fara pamọ́ sí ẹ̀yìn igi tí wọ́n tò jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Lelya. Òtútù mú un débi pé kò mọ ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́. Kò pẹ́, ó rí ìyá tó ń gbé ilé kejì, Ginka, tá a máa ń pè ní Kaka torí pé ó dàgbà jù wá lọ, tó ń yọ́ bọ̀ lójú ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó gbé àpò kan há abíyá, ó bo àpò yẹn bí ẹni tó jí adìyẹ. Ó wọlé láì kanlẹ̀kùn.

Nevena sọ nínú ara ẹ̀ pé, ó tán. Ẹni tó ń bá Lelya rajà nídìí ibùdókọ̀ nìyí.

Ó yọ́ dé ojú fèrèsé, ó yọjú wò. Ohun tó rí ni pé Lelya dúró sí ìdí ògiri kan, Kaka Ginka dúró sí ìdí ògiri kejì, okùn òwú gígùn kan nà láàárín wọn. Lelya ń lọ́ ọ sọ́tùn-ún, Kaka Ginka ń lọ́ ọ sósì. Wọ́n ń lọ́ ọ, wọ́n ń ṣe òfófó.

Nevena ṣílẹ̀kùn wọlé. "Kí ló wà nínú àpò yẹn?"

Kaka Ginka ní, "Sálúbàtà mi. Ilẹ̀ ilé Velichka tutù bí ọkàn ẹ̀."

Lelya ní, "Má da ọmọ yẹn lóhùn, amí ni."

Nevena tú àpò náà wò. Sálúbàtà ni lóòótọ́, àti ìgò jáàmù kan. Ó wá yé e. Iṣẹ́ èèyàn méjì ni okùn yẹn. Ọjọ́ pẹ́ tí Kaka Ginka ti ń di ìkángun kejì mú, òun náà ló tún ń so òṣùṣù sí i. Lelya ni kì í sọ, torí pé gbogbo ìlú ló ń pè é ní "ọwọ́ Velichka", orúkọ yẹn sì ti wọ̀ ọ́ lára.

Nevena ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn, Kaka Ginka?"

"Òun ló ní kí n máa gba ibẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn iwájú ń dún." Kaka Ginka rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ilé mi ṣá ti dákẹ́ jù látìgbà tí ọmọbìnrin mi ti lọ sí Chicago."

Nevena ṣàlàyé òfin ọjà yẹn fún wọn. Ó ní ẹnikẹ́ni tọ́wọ́ ẹ̀ bá kan iṣẹ́ náà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á sì pe òun náà lórí fídíò. Ibi tọ́rọ̀ wá le sí nìyí o. Àwọn tuntun tí wọn ò tíì pè rí tó ń dúró pọ̀ gan-an, oṣù kẹta á ti wọlé kó tó kan Kaka Ginka; ìpè ẹlẹ́ẹ̀kejì ti Lelya nìkan ni kò ní pẹ́.

Lelya ní, "Tí wọn ò bá bi mí, mi ò ní sọ. Tí wọ́n bá bi mí, màá sọ òótọ́. Mi ò parọ́ rí, mi ò sì ní torí fóònù bẹ̀rẹ̀."

Àmọ́ ìyẹn ò tíì sọ ìdí tí Femke fi gbọ́ "rárá". Inú ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì ni Nevena ti rídìí ẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kan tó lọ ra banitsa, ìyẹn ìyẹ̀fun yíyan tí wọ́n máa ń ki nǹkan sínú ẹ̀. Àlejò kan, ọmọkùnrin gíga tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ látorí yìnyín, dúró níwájú ẹ̀. Ó ń bi obìnrin tó ń tajà léèrè. Ó tọ́ka sí banitsa oníwàrà, ó ní ṣé ẹran wà nínú ẹ̀, torí òun kì í jẹran. Obìnrin yẹn gbé àgbọ̀n sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, bí àwa ṣe máa ń sọ pé rárá. Ọmọkùnrin náà fà sẹ́yìn. Ó wá tọ́ka sí èkejì, èyí tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Èyí ńkọ́, ṣé ẹran wà nínú ẹ̀? Obìnrin yẹn mi orí sọ́tùn-ún sósì, bí àwa ṣe máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Inú ọmọkùnrin náà dùn. Ó rà á, ó gé e jẹ, ó wá dúró gbagidi.

Obìnrin búrẹ́dì wo Nevena. "Kí ló ń ṣe é? Mo ṣá sọ fún un pé ẹran wà níbẹ̀."

Nevena ò dúró gba banitsa tiẹ̀. Eré ló sá lọ sílé Lelya.

"Lelya, nígbà tí Femke bi yín bóyá ẹ̀yin lẹ ń ṣe é, ẹ fi orí yín ṣe é kí n rí."

Lelya mi orí sọ́tùn-ún sósì.

"Nígbà tó ní ṣé ilé iṣẹ́ lẹ ti ń rà á?"

Lelya gbé àgbọ̀n sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Òdìkejì ni tiwọn, Lelya. Lọ́dọ̀ tiwọn, sókè-sódò ni bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀tún-òsì ni rárá."

Lelya ní, "Ta ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Gbogbo ayé ló ń ṣe àṣìṣe, wọ́n wá ti ṣọ́ọ̀bù tèmi pa." Ó ronú. "Tí ọkùnrin wọn bá wá ní òun fẹ́ fẹ́ obìnrin, tí obìnrin yẹn sì mi orí báyìí, ṣé ọkùnrin náà máa lọ ni?"

"Ó máa lọ."

"Wọ́n ti fi orí ṣeré."

Nevena kọ̀wé sí ọjà yẹn pé àṣìṣe wà níbẹ̀, kí wọ́n tún pe àwọn. Kò sọ ohun tí àṣìṣe náà jẹ́, ó rò pé wọn ò ní gbà á gbọ́. Ni ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ bá rí wọn. Nevena á ní, "Ṣé Velichka lorúkọ yín?" Lelya á fi ọwọ́ méjèèjì di etí ara ẹ̀ mú, á wá máa fi fa orí ẹ̀ sókè-sódò. "Ṣé ọmọ ogún ọdún ni yín?" Á mi orí sọ́tùn-ún sósì, ojú á máa tì í bí ẹni tó ń búra èké. Kaka Ginka jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀.

Ó ní, "Velichka, ṣé o máa mu kọfí?"

Lelya mi orí sókè-sódò.

"Ó ní òun ò mu. Ó dáa, màá mu tiẹ̀ mọ́ tèmi."

"Ginka, gbé kọfí yẹn sílẹ̀. Orí ti àwọn Femke ni mo fi dá ẹ lóhùn."

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ ìpè, ó ti mọ̀ ọ́n. Nevena ò lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn lọ́tẹ̀ yìí, ó fi àyè tín-tìn-tín sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń wo orí Lelya látẹ̀yìn. Òwú wà léyín Lelya, ọwọ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ń ṣe é?" Sókè-sódò, bó ṣe yẹ. "Ṣé ẹ ń rà á nílé iṣẹ́?" Sọ́tùn-ún sósì, láì ṣiyè méjì. Nevena mí kanlẹ̀.

Ẹ̀rọ yẹn tún dún. "Ó ku ẹyọ kan. Ṣé ẹlòmíì wà tó ń bá yín ṣe é?"

Ọwọ́ Lelya ò dúró. Ó tó ìgbà tí èèyàn lè fi mí lẹ́ẹ̀kan kí orí ẹ̀ tó mì. Sọ́tùn-ún sósì.

"Ẹ ṣeun, màmá. Iṣẹ́ yín dára gan-an ni."

Nevena wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. "Lelya, kí lẹ sọ fún un nípa Kaka Ginka?"

"Mo sọ òótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹnì kan ń bá mi ṣe é."

"Ọ̀tún-òsì lẹ mi orí."

"Kí ni ìyẹn jẹ́ nínú ilé yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó jẹ́ níbí nìyẹn. Àmọ́ kì í ṣe ilé yìí ni Femke wà. Ẹ ti fi orí tiwọn dáhùn méjì àkọ́kọ́."

"Mo gbàgbé." Lelya ń ká òwú, kò wo ojú ẹ̀. "Ẹni tó ti ń fi orí sọ̀rọ̀ bákan náà láti kékeré, o fẹ́ kó yí i padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan kó má ṣì í sọ lẹ́ẹ̀kan?"

Nevena wò ó. Ó wo ẹnu ẹ̀, ó wo ọwọ́ ẹ̀. Ó ń wá ibi tí irọ́ máa gbà yọ, kò rí i. Ó ń wá ibi tí àìmọ̀kan máa gbà yọ, kò rí ìyẹn náà. Èmi tí mò ń sọ ọ́ fún yín yìí, mo ti rò ó títí, mi ò mọ̀ ọ́n dòní.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ṣọ́ọ̀bù ti ṣí. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹnì kan ní Madrid fẹ́ martenitsa fún gbogbo kíláàsì ọmọ ẹ̀. Ẹnì kan ní Toronto ní òun ò rí ẹyẹ àkọ̀ rí lọ́dọ̀ àwọn, ṣé òun lè tú tòun tóun bá rí pẹ́pẹ́yẹ. Nevena ń di ọjà, Lelya ń rẹ́rìn-ín, páálí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Láàárín gbogbo ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Femke wọlé. Ó ní òun ti kọ ọ́ sí ojú ṣọ́ọ̀bù wọn pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo, Velichka, ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Ó ní tí ohunkóhun bá wà níbẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀, kí Nevena kàn sọ fún òun, òun á ti ṣọ́ọ̀bù náà ná títí wọ́n á fi tún un ṣe, ẹ sì rántí pé oṣù kẹta ò ní dúró dè wọ́n.

Ibi tí Nevena ti ń ka ìyẹn lọ́wọ́ ni Kaka Ginka wọlé. Ilẹ̀kùn iwájú ló gbà lọ́jọ́ yẹn. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lelya ti ń lọ́ okùn kan, òwú wà léyín ẹ̀.

Kaka Ginka gbé sálúbàtà ẹ̀ wọ̀, ó ní, "Velichka, ṣé wọ́n bi ẹ́ nípa mi?"

Lelya mi orí sọ́tùn-ún sósì.

"O sì sọ fún wọn pé mò ń bá ẹ ṣe é?"

Lelya tún mi orí sọ́tùn-ún sósì. Nínú ilé yìí, nílùú yìí, ẹ ti mọ ohun tó jẹ́.

Kaka Ginka jókòó. Ó ń na aṣọ ẹ̀ lórí eékún. Ó wá ní, "Màá sọ fún ọmọ mi ní Chicago pé kó lọ wò ó. Á rí orúkọ mi níbẹ̀ kó tó ra tiẹ̀." Ó na ọwọ́ sí Nevena. "Ọmọ mi, gbé fóònù yẹn wá. Ibo ni wọ́n kọ mí sí?"

Lelya ò yọ òwú kúrò léyín. Ó gbójú sókè wo Nevena, ọwọ́ ẹ̀ ò dúró. Ọ̀rọ̀ Femke ṣì wà lójú fóònù, ó ń dúró de èsì. Fóònù tún dún, ẹlòmíì ti rajà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì mí yìí, ẹ má wojú ara yín, ẹ dá mi lóhùn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ mú fóònù yẹn lọ́wọ́, kí lẹ bá fi hàn Kaka Ginka, kí lẹ bá sì kọ sí Femke?